Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Hilux lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, táyà wo ló yẹ ọkọ̀ yín?

Ní Àkúrẹ́, àwọn Hilux kan wà tí ẹ ó ti gbọ́ kí ẹ tó rí wọn. Wọ́n á máa hùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ Oyèmẹ́kùn. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń hùn, táyà ni: táyà eléyín gbàǹgbà tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ àti òkúta, tó wá ń lo ayé rẹ̀ láàárín Ìjàpọ̀ àti Alágbàka, lórí ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ló bá a lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ra tòkunbọ̀. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn rà á nítorí ẹwà, mi ò sì bá wọn jà, ọkọ̀ máa ń dúró dáadáa lójú pẹ̀lú ẹ̀. Ìgbà tó bá jẹ tán ni ọ̀rọ̀ ń di rúdurùdu. Ẹ dé ọ̀dọ̀ alátáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín: M/T ni àbí A/T? Ṣé ten-ply lẹ fẹ́? 265 ni ká gbé, àbí ká kúkú gbé 285? Ẹ bi í pé èwo ló dáa jù, ó ní gbogbo rẹ̀ dáa. Kò purọ́. Gbogbo rẹ̀ dáa, àmọ́ kì í ṣe fún ọ̀nà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà. Táyà píkọ̀ọ̀pù àti jíìpù pín sí oríṣi mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí, nígbà mìíràn mọ́ orúkọ rẹ̀. H/T ni ti ojú ọ̀dà: eyín rẹ̀ kéré, ó súnmọ́ra, kì í pariwo. M/T ni ti ẹrẹ̀: eyín rẹ̀ tóbi, ó jìnnà síra débi pé ìka ọwọ́ lè wọ àárín wọn. A/T wà láàárín àwọn méjèèjì. Eyín rẹ̀ tóbi ju ti H/T lọ, wọ́n sì tò ó mọ́ra ju ti M/T lọ, wọ́n tún wá fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sórí eyín kọ̀ọ̀kan. Àmì kan wà tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, ìyẹn M+S. Wọ́n á rí M, wọ́n á ní ti ẹrẹ̀ nìyẹn. Ẹrẹ̀ àti òjò dídì ìlú òyìnbó ló dúró fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ táyà ojú ọ̀dà lásán ló ní in lára. Kò sọ wọ́n di M/T. Òjò dídì ọ̀hún sì rèé, ẹni tó bá rí i ní Òkè Àró kó wá pè wá.

Ohun tó mú kí M/T dára nínú ẹrẹ̀ náà ló mú kó burú lórí ọ̀dà. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè nínú oṣù keje, ilẹ̀ pupa tí ọkọ̀ agégẹdú ti tẹ̀ di kòtò gígùn méjì. H/T tó bá wọ ibẹ̀, ẹrẹ̀ á kún àárín eyín rẹ̀ kíá, táyà á di bọ̀rọ́, á máa yí lójú kan. Ti M/T kò rí bẹ́ẹ̀. Àyè gbàràmù ló wà láàárín eyín rẹ̀, bó ṣe ń yí ló ń ju ẹrẹ̀ dànù, tí eyín á sì tún rí ilẹ̀ mìíràn bù mú. Ó wá dé orí ọ̀dà. Àyè gbàràmù yẹn náà ló fà á tí rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ ò fi pọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ lè má fura. Ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, tí epo ọkọ̀ àti eruku tó ti lẹ̀ mọ́ títì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá gbéra sójú omi, ẹ ó fura. Eyín ńlá tí kò ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí kò rí nǹkan fi di ọ̀dà tútù mú. Ẹni tó bá ti wọ bàtà bọ́ọ̀lù eléyín rìn lórí tẹ̀rásò tútù mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á ṣì rìn síwájú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Píkọ̀ọ̀pù tí kò kó ẹrù ló tún léwu jù, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ̀ ní kọ́nà.

Ariwo náà ní ìdí. Bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe ń lu ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń há sáàárín wọn, tó sì ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa ṣe àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ lórí ọ̀dà, á tún le sí i. Ẹ lọ síbi tí ọkọ̀ wà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí eyín táyà náà láti iwájú sẹ́yìn, kí ẹ tún rà á láti ẹ̀yìn síwájú. Bí ọwọ́ bá ń yọ̀ geere lápá kan, tí eyín ń họ ọ́ lápá kejì, ẹ̀gbẹ́ kan eyín ló ti jẹ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ìyẹn ló ń hùn. Mo ti rí ẹni tí mẹ́káníìkì pààrọ̀ béárìn ẹsẹ̀ méjì fún nítorí ariwo yìí, owó lọ, ariwo ò lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ra táyà kí ẹ tó dá béárìn lẹ́bi. Táyà M/T tún wúwo, ó ń jẹ epo ju H/T lọ, bí epo sì ṣe wọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó ń lọ Àdó-Èkìtì tó sì ń bọ̀ lójoojúmọ́.

Ta ló wá yẹ kó ra èwo? Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ni kí ẹ wò, ẹ má wo èyí tí ẹ lè gbà lọ́jọ́ kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Ìjàpọ̀ lọ sí Alágbàka, tó máa ń lọ Ọ̀wọ̀ fún òkú tàbí ìgbéyàwó, H/T tó o. Ọkọ̀ rẹ̀ á dákẹ́, táyà rẹ̀ á pẹ́. Ẹni tó ń kọ́lé fáwọn èèyàn ní Ọ̀bà-Ilé, tó ń wọ àdúgbò tuntun tí kò sí gọ́tà tí kò sí ọ̀dà, tàbí ẹni tó ní oko tó ń lọ ní Sátidé, A/T ni kó rà, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i lọ́kàn padà. Lójú tèmi, ìsọ̀rí yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oní-píkọ̀ọ̀pù wa bọ́ sí. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà ilé kò tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ ra M/T. A/T àti fọ́ọ̀-wíìlì á gbé yín kọjá. Ẹni tí M/T tọ́ sí ni ẹni tó ń wọ igbó gan-an nígbà òjò, tó ń kó kòkó tàbí pákó jáde láti ibi tí katapílà nìkan ti ń kọjá, tó sì ń ṣe é lemọ́lemọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá lágbára, kó ní rímù méjì-méjì: M/T lórí ọ̀kan fún ìgbà òjò, A/T lórí èkejì fún ìyókù ọdún.

Ẹ wá sórí nọ́ńbà. Ọ̀pọ̀ Hilux tó wà láàárín wa gbé 265/65R17 wá láti ilé-iṣẹ́. 265 ni fífẹ̀ táyà, mílímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 65 kì í ṣe mílímítà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn ni gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, ìyẹn bíi mílímítà 172. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà, gbogbo táyà ọkọ̀ kékeré òde òní ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ R. 17 ni rímù, íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Táyà kan ṣoṣo, wọ́n fi mílímítà wọn ìdajì, wọ́n fi íǹṣì wọn ìdajì, kì í ṣe ẹ̀bi yín tó bá rú yín lójú. Ẹ tún lè rí èyí tí wọ́n kọ bíi 31x10.5R15. Ìyẹn rọrùn: táyà náà ga ní íǹṣì 31, ó fẹ̀ ní íǹṣì 10 àti ààbọ̀, rímù 15 ló sì ń wọ̀.

Alátáyà á wá ní kí ẹ gbé 285/70R17, ó ní rímù kan náà kúkú ni. Lóòótọ́, á wọ rímù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. 265/65R17 ga ní nǹkan bíi mílímítà 776 láti òkè délẹ̀. 285/70R17 ga ní nǹkan bíi 831. Ó fi ìdá 7 nínú 100 tóbi jù ú lọ. Ọwọ́ tó ń ka eré lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ táyà, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí ló ń kà. Nígbà tó bá ń sọ fún yín pé 100 ni ẹ ń sá, 107 ni ẹ ń sá. Máìlì tó ń kà á sì dín sí èyí tí ọkọ̀ rìn gan-an, débi pé ẹ ó pẹ́ kí ẹ tó pa ọ́ìlì dà. Ọkọ̀ á wúwo lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, bíréèkì á ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i, tí ẹ bá sì yí sítíárìn dópin, táyà lè máa ha féńdà nínú. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ní kí ẹ wá gé féńdà, kí ẹ wá gbé ọkọ̀ sókè, ìnáwó á máa bí ìnáwó. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, kó padà sí nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fi sí i. Ó wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má ka ti ara táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ lè ti pààrọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ten-ply náà nìyẹn. Wọ́n máa ń rò pé ìpele rọ́bà mẹ́wàá ló wà nínú ẹ̀. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi òwú ṣe inú táyà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Lónìí, ìwọ̀n agbára lásán ni: táyà náà lè gbé ohun tí táyà onípele mẹ́wàá àtijọ́ ń gbé. Bí ẹ bá là á sí méjì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè má ju ìpele méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lẹ́tà ni wọ́n ń fi kọ ọ́ báyìí: C jẹ́ six-ply, D jẹ́ eight, E jẹ́ ten. Èyí tó ní LT níwájú nọ́ńbà ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, òkúta kì í tètè gún un, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n lórí kòtò, pàápàá tí ọkọ̀ bá ṣófo. Ẹrù mélòó lẹ máa ń kó? Nọ́ńbà tó tẹ̀lé nọ́ńbà rímù ló ń dáhùn. 112 túmọ̀ sí kílò 1,120 fún táyà kan, 121 sì jẹ́ kílò 1,450. Àwọn oníkòkó mọ̀ pé àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yìn Hilux kò yẹ kó gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn nínú wọn ò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbé tó bẹ́ẹ̀. Táyà mẹ́rin oní-112 ti lágbára ju ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù náà lọ dáadáa. Nítorí náà, ten-ply kì í ṣe dandan fún ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn ni ti eré: Q jẹ́ 160 kìlómítà láàárín wákàtí, S jẹ́ 180. Ẹni tó bá ń wá ju 160 lọ lójú ọ̀nà Iléṣà, kì í ṣe táyà ló ń wá.

Ọjọ́ orí táyà ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ, pàápàá fún M/T. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kà. 3521 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹ́ẹ̀ẹ́dógójì ọdún 2021. Àwọn èèyàn wa ń pè é ní ọjọ́ tí táyà máa kú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Kò sí ọjọ́ ikú kankan lára táyà. Michelin ní tó bá ti lo ọdún 5 lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí onímọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kó má sì kọjá ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ì báà jẹ́ pé eyín rẹ̀ ṣì pé. Pẹ̀lú oòrùn wa yìí, tèmi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà náà pé sí nígbà mìíràn, nítorí náà tí ẹ ò bá rí i, ẹ ní kí wọ́n yí táyà padà. Alátáyà tí kò bá fẹ́ yí i padà ti dá yín lóhùn.

Ibí ni táyà tòkunbọ̀ ti ń pa èèyàn. Eyín M/T jìn gan-an, tuntun rẹ̀ lè tó mílímítà 14, nítorí náà èyí tó ti lo ọdún mẹ́jọ á ṣì ní eyín gbàǹgbà-gbàǹgbà tí ojú á sì máa rí i bíi tuntun. Wọ́n á fi nǹkan dúdú kan kùn ún, á máa dán. Ẹ fi ọwọ́ ṣí àárín eyín rẹ̀, kí ẹ wo ìdí eyín, níbi tó ti pàdé ara táyà. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó là káàkiri níbẹ̀, rọ́bà ti gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù kò tiẹ̀ gbà kí wọ́n kó irú táyà àlòkù bẹ́ẹ̀ wọlé, gbogbo wa la sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Bí owó ò bá tó, kí ẹ ra A/T tuntun tí orúkọ rẹ̀ ò lókìkí sàn ju kí ẹ ra olókìkí tó ti gbẹ lọ. Ó tilẹ̀ máa ń dùn mí: igi rọ́bà wà ní Àrárọ̀mí-Obù níbí ní Odígbó, síbẹ̀ Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop tó wà ní Ìkẹjà náà ṣíwọ́ kò pẹ́ sígbà náà, àwa wá ń ra èyí tí ọkọ̀ ojú omi bá já sílẹ̀.

Ṣé ẹ lè ra méjì, kí ẹ fi méjì sílẹ̀? Tó bá jẹ́ pé owó ni, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bára mu, kí méjì tó wà níwájú jẹ́ irú kan náà, kí méjì ẹ̀yìn náà sì jẹ́ irú kan náà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí. Àwọn fọkanáísà wa máa ń fẹ́ fi í síwájú, wọ́n ní iwájú ló ń tọ́nà. Bí iwájú bá yọ̀, ẹ ṣì lè dín eré kù kó padà bọ̀ sípò. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ á yí po. Táyà tó tóbi níwájú tó kéré lẹ́yìn tún burú fún fọ́ọ̀-wíìlì, nítorí ní ọ̀pọ̀ Hilux, tí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yí lọ́gbọọgba. Bí wọn ò bá dọ́gba, jíà tó ń pín agbára láàárín wọn ló ń jìyà rẹ̀. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ wọ fọ́ọ̀-wíìlì lórí ọ̀dà gbígbẹ rárá. Táyà àpamọ́ náà, kó bá wọn dọ́gba.

Lọ́jọ́ ìpààrọ̀, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tú táyà ni kí ẹ lọ bí rímù yín bá jẹ́ álọ́ì (alloy), irin gígùn máa ń bu ẹnu rẹ̀ jẹ. Kí wọ́n fi fáàfù tuntun sí i, kí wọ́n má fi túùbù sínú táyà tí kì í lo túùbù. Bí ẹ bá rí ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọfà náà kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Kí wọ́n bálánsì ẹ̀, kí wọ́n sì ṣe aláínmẹ́ǹtì, nítorí ohun tó jẹ táyà àtijọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan yóò jẹ tuntun náà.

Afẹ́fẹ́ ló kù. Ẹ ó rí PSI tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, bíi 44, 65 tàbí 80, fọkanáísà á sì fẹ́ fẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Ìyẹn jẹ mọ́ òkè téńté ohun tí táyà lè gbà, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín ń fẹ́. Iye tí ọkọ̀ ń fẹ́ wà lára bébà ilẹ̀kùn yẹn kan náà, ti ìgbà tó ṣófo àti ti ìgbà tó kó ẹrù. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Bí ẹ bá ti kúrò lórí táyà lásán bọ́ sí LT, á nílò díẹ̀ sí i ju ti bébà lọ kó tó lè gbé ẹrù kan náà. Tí ẹ bá há sínú ẹrẹ̀, ẹ lè dín afẹ́fẹ́ kù sí bíi 20 kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀, kó di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ tún un fẹ́ kí ẹ tó sáré lórí ọ̀dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbóná, á sì bẹ́.

Lẹ́yìn bíi 80 sí 100 kìlómítà, ìyẹn bí ẹ bá ti lọ Òǹdó tí ẹ sì bọ̀, ẹ tún nọ́ọ̀tì gbogbo ẹsẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo 8,000 sí 10,000 kìlómítà, ẹ máa gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn wá síwájú.